Ẹmu Kì Í Ṣe Ẹlẹ́wọ̀n

Ìlara ló kó bá mi. Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Peckham, ní London, fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó dúró ti fìríìjì kékeré kan, ó fa ọwọ́ irin dúdú tó wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ wálẹ̀, bíà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wọ inú gíláàsì. Kò fi eyín ṣí ìgò, kò pe ọmọ kankan pé kó lọ bá òun ra yìnyín. Ó mu díẹ̀, ó nu ìfòfó ètè rẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ wo ìgbádùn." Ká ní ó dákẹ́ síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé, "Èyí ò lè ṣeé ṣe ní Dọ̀pẹ̀mú o. Ẹ má wulẹ̀ dán an wò."

Èmi tí mo pọ̀n ọ́n nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́!

Bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le, mo sì lóye rẹ̀ dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìmọ̀ ló bà mí jẹ́. Wọ́n á gbé àgbá irin tí bíà wà nínú rẹ̀ sínú fìríìjì. Sìlíńdà gáàsì kékeré kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gáàsì kábọ́nì dáyọ́ksáìdì, èyí tó máa ń ta wá nímú tí a bá mu mínírà. Gáàsì yìí ló ń ti bíà láti inú àgbá gba inú rọ́bà lọ sí ẹnu tápù. Òtútù inú fìríìjì náà gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi 3 tàbí 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius, agbára gáàsì náà a sì máa wà ní nǹkan bíi 10 sí 12 psi. Tó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìfòfó lásán ni wàá máa mu. Kò jù báyìí lọ. Ọmọdé tó bá gbọ́rọ̀ á ṣe é láìsí wàhálà. Èmi kì í ṣe ọmọdé, mi ò sì gbọ́rọ̀.

Bíà inú àgbá ni mo kọ́kọ́ wá tì. Guinness ti kọ́ ilé ìpọntí sí Ìkẹjà láti 1962, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí wa rárá. Ìgò Star àkọ́kọ́ ti jáde ní Èkó láti 1949. Ṣùgbọ́n ìgò làwa mọ̀. Kéréètì òfìfo á lọ, kéréètì tó kún á bọ̀. Mo bèèrè bíà inú àgbá lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta ọtí nítòsí bíríìjì Dọ̀pẹ̀mú. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ kó àwọn ìgò òun tó wà nílé mi wá ná.

Ti gáàsì tún burú jùyẹn lọ. Mo gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan lọ ní Máńgòrò, mo rí sìlíńdà gíga tó gbé ti ògiri, mo sì béèrè iye tó máa gbà láti yá mi ní kékeré irú rẹ̀. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ṣàlàyé. Ó yọ awò dúdú ojú rẹ̀ kó lè rí mi dáadáa. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ọ́síjìn lèyí. Ṣé ọtí lẹ fẹ́ mu ni, àbí ẹ fẹ́ gbé gbogbo ilé lọ sọ́run?"

Ojú ọ̀nà, bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibẹ̀, ni ọgbọ́n burúkú náà ti sọ sí mi lọ́kàn. Kí ni mo ń wá bíà sí nígbà tí ẹmu wà? Láti ìgbà tí omi ọ̀pẹ bá ti ń kán sínú agbè ni ìwúkàrà tí ojú kò rí ti ń wọ inú rẹ̀. Á máa jẹ ṣúgà ibẹ̀, á sọ ọ́ di ọtí, á sì máa tú gáàsì jáde, gáàsì kan náà tí àbúrò mi ń fi owó pọ́n-ùn rà. Ìdí nìyẹn tí ẹmu fi ń hó. Èyí tó dùn láàárọ̀ á ti le nírọ̀lẹ́, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan. Mo wá rò ó pé bí òtútù bá mú un, kò ní tètè kan. Bí mo bá sì dé e pinpin, gáàsì tara rẹ̀ ni yóò máa tì í jáde ní tápù. Ọtí tó ń pọn ara rẹ̀! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nínú dánfó, ẹni tó jókòó tì mí sì sún díẹ̀.

Mo ra fìríìjì tòkunbọ̀ kékeré ní Alábà. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé kí n gbé e lóòró délé. Búùtù mọ́tò tí mo wọ̀ kò gbà á lóòró, la bá dá a dùbúlẹ̀. Bí mo ṣe dé ilé báyìí ni mo ti fẹ́ kì í bọná. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fìríìjì ṣe ní ṣọ́ọ̀bù abẹ́ ilé wa ló bá wa gbé e gun òkè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó dúró báyìí dàárọ̀ ọ̀la o. Òróró inú kọ́mpírẹ́sọ̀ ti máa ṣàn wọ páìpù." Mo ní kò sí ìṣòro. Kò tíì dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tí mo fi tan iná sí i. Fìríìjì náà kùn, ó gbọ̀n, ó wá tutù. Orí ló yọ mí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni mo pè é.

Ká tó lu nǹkan, ó yẹ ká wọ̀n ọ́n. Mo ti ra kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò lítà 25, irú èyí tí wọ́n ń ta òróró nínú rẹ̀, mo ti fọ̀ ọ́ dé ibi tí ọwọ́ mi bó, kí n tó rí i pé nísàlẹ̀ inú fìríìjì, lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ibì kan yọ gọngọ síwájú tí kọ́mpírẹ́sọ̀ sá pamọ́ sí. Kẹ́ẹ̀gì náà kò wọlé lóòró, kò wọlé níbùú. Ìyàwó mi gbà á, ó fi ń pọn omi. Mo lọ ra ti lítà 10.

Mo wá yá dírìlì lọ́wọ́ káfíńtà kan, mo fi báírò sàmì sí ẹ̀gbẹ́ fìríìjì lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí ọwọ́ mi máa tètè tó tí mo bá jókòó sórí àga mi. Mo tẹ dírìlì mọ́ ọn. Irin kọ́kọ́ yí, fóòmù tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ "fííí", ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò dáwọ́ dúró.

Mo fi ìka dí i. Mo yọ ìka, ó tún ké. Mo figbe ta pe ọ̀dọ́mọkùnrin ìsàlẹ̀, ó sá gòkè, ó wo ara ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fìríìjì, ó sì lọgun pé, "Ẹnikẹ́ni má ṣáná o!" Ìyàwó mi ń dín àkàrà lọ́wọ́ ní kíṣìnnì. R600a ni wọ́n kọ sára ìwé náà. Ìbátan tímọ́tímọ́ ni gáàsì yìí jẹ́ fún èyí tó wà nínú láítà, ó sì ń gbiná. Ọ̀pọ̀ fìríìjì ìsinsìnyí ló ń lò ó. A pa sítóòfù, a ṣí gbogbo fèrèsé, a bọ́ sí bálíkónì, àkàrà sì wà nínú òróró tó ń tutù lọ.

Níbẹ̀ ni ọmọkùnrin náà ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú sùúrù tó dùn mí ju èébú lọ. Ó ní inú ògiri ẹ̀gbẹ́ ni páìpù gbígbóná ọ̀pọ̀ fìríìjì kékeré ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó wà, kó po sítáàṣì pọ̀ mọ́ sípíríìtì, kó kùn ún sára fìríìjì nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ibi tó bá kọ́kọ́ gbẹ, páìpù ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Ó wá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, kò sí páìpù kankan nínú ilẹ̀kùn. Kí ló dé tí ẹ ò lu ilẹ̀kùn?"

Ilẹ̀kùn! Ibi tí àbúrò mi fi tirẹ̀ sí gan-an, tí mo sì ti wò nínú fídíò náà títí dátà mi fi tán.

Iye tí mo san láti jó páìpù náà pọ̀ àti láti rọ gáàsì tuntun, mi ò ní sọ ọ́ níbí, nítorí ìyàwó mi mọ̀wé kà.

A lu ilẹ̀kùn, mo fi tápù rọ́bà sí i, mo sì gba ọ̀dọ̀ bàbá ẹlẹ́mu kan lọ ní ìhà Ṣáṣá. Mo fi ìdùnnú sọ ète mi fún un. Bàbá náà ń sẹ́ ẹmu lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní láyé àtijọ́, ewé tàbí ìhánrín ọ̀pẹ ni wọ́n ń fi dí ẹnu agbè, kí ẹmu lè máa mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹmu kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n. Má tì í mọ́lé." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó má wulẹ̀ sẹ́ tèmi, pé mo ń kánjú. Bí mo ṣe dé ilé, mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, mo wé e mọ́ ẹnu kẹ́ẹ̀gì, mo yí ìdérí rẹ̀ lé e pẹ̀lú gbogbo agbára apá mi, mo sì kán àbẹ́là sí i yí ká.

Ife àkọ́kọ́, ìfòfó. Ife kejì, ìfòfó. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu ti dí tápù. Mo kúnlẹ̀, mo fi ẹnu fà á, ohun tó jáde sì kọ́kọ́ ta mí ní ètè. Oyin ni, ó ti kú sínú ẹmu tí n kò jẹ́ kí wọ́n sẹ́. Ẹni tó bá ń sọ pé oyin tó ti kú kì í tani, kó wá bá ètè mi sọ̀rọ̀. Ó wú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìbejì mi fi ń ní kí n pe "bàbà dúdú" kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín.

Ká ní mo dáwọ́ dúró níbẹ̀, ilé mi nìkan ni ìtìjú náà ì bá mọ. Ṣùgbọ́n àdúgbò wa fẹ́ ṣe ìpàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan lórí ọ̀rọ̀ tàràńsífọ́mà. Ní oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n sọ owó iná àwọn tó wà ní Band A di ₦225 fún kílówáàtì-wákàtí kan, kí àwọn náà lè máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́. Àdúgbò tiwa kò sí nínú ẹgbẹ́ náà. Àwọn kan ní ká dá owó, ká bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi wá kún un. Àwọn kan ní òkùnkùn tí kò gbówó sàn. Mo dìde, mo ní kí wọ́n wá ṣe ìpàdé náà ní pálọ̀ mi, pé ẹmu tútù láti ẹnu tápù ni màá fi ṣe wọ́n lálejò.

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n mú iná lọ. Mo ní jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí ààrẹ ti kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, mi kì í tan án bí kò bá ṣe nítorí bọ́ọ̀lù. Mo ní bí mi ò bá ṣí ilẹ̀kùn fìríìjì, òtútù á dúró. Òtútù kò dúró. Ìwúkàrà tí ó ti ń tòògbé láti ọjọ́ mélòó kan jí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì sí ibi tí gáàsì rẹ̀ lè gbà jáde, nítorí oyin mìíràn ti dí tápù.

Alága ìpàdé wa, Àlàájì kan tó wọ jàlámíà funfun, ń ka orúkọ àwọn tó jẹ owó lọ́wọ́. Orúkọ mi ló kàn. Mo rí i pé àkókò tó láti pín ẹmu. Mo fa tápù, kò sí nǹkan. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Kẹ́ẹ̀gì náà ti wú bí ikùn aláboyún tó wọ oṣù rẹ̀, ó há mọ́ ibẹ̀, rọ́bà rẹ̀ sì ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Ọlọ́gbọ́n á ti ilẹ̀kùn padà, á lọ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo di ìdérí mú, mo yí i.

Ìdérí lọ bá sílìn, ó lu ihò sí i. Ẹmu tẹ̀ lé e. Àlàájì tí kò fi ọtí kan ẹnu rí láyé rẹ̀ ni ẹmu wẹ̀ láti fìlà dé bàtà. Ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó dìde, ó ní ìpàdé ti parí, ó sì gba ilé lọ láìwo ẹ̀yìn. Akọ̀wé wa, tí kì í fi nǹkan kan sílẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé: "Ẹmu fọ́n sí alága lára. Ọ̀rọ̀ tàràńsífọ́mà di ọjọ́ mìíràn." Mo lọ bẹ Àlàájì, mo gba jàlámíà náà fọ̀, mo sì san gbèsè mi.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún mi pé ní Òṣòdì, nídìí Agege Motor Road tí mò ń gbà lójoojúmọ́, FIIRO wà níbẹ̀, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, àti pé ọ̀nà tí ẹmu á fi pẹ́ nínú ìgò wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe. Bákan náà ni ti NIFOR, àwọn olùwádìí ọ̀pẹ tó wà nítòsí Benin. Iná díẹ̀ ni àṣírí rẹ̀: èèyàn á mú ẹmu gbóná ní ìwọ̀n, kí ìwúkàrà lè kú, kó má sì hó. Mo gbọ́ "iná". Mi ò gbọ́ "díẹ̀". Mo gbé ẹmu ka sítóòfù, mo jẹ́ kó hó kutukutu. Ọtí inú nǹkan a sì máa gbéra lọ nígbà tí ooru bá ti tó nǹkan bíi 78 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí omi tó ronú àtihó. Mo rọ èyí tó kù sínú fìríìjì, mo pe akọ̀wé àti ọ̀dọ́mọkùnrin ìsàlẹ̀ láti wá bá mi ṣe ìpẹ̀tù. Wọ́n mu ife kìíní, wọ́n mu ìkejì, wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró. Nígbà tó pẹ́, akọ̀wé gbé ife wò lójú iná, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí la fi se omi ọbẹ̀ yìí?"

Nísinsìnyí, sóbò ni ìyàwó mi ń rọ sínú kẹ́ẹ̀gì náà. Ó gbé fìríìjì sí ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ iléèwé ń tò síwájú tápù lọ́sàn-án, ọ̀dọ́mọkùnrin ìsàlẹ̀ sì ń fún un ní iná láti ara jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ife tèmi lọ síbẹ̀. Ó ní kí n mú owó wá. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, èmi náà?" Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ tò sẹ́yìn ọmọ tó wọ pupa yẹn."