Ojúlé 4200 Kò Mọ Ojúlé 3000

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá rí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá á rò pé gbèsè ni mo jẹ. Mi ò jẹ ẹnì kan ní kọ́bọ̀. Orúkọ èèyàn lásán ni mo ní kí kọ̀ǹpútà lọ gbà wá fún mi lọ́wọ́ sáfà, òun ló sọ mí di ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru.

Àǹtí mi àgbà ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa. Ìwé ńlá kan ni wọ́n fi ń kọ owó àwọn èèyàn sílẹ̀, epo pupa sì ti rin ín débi pé ewé oṣù kẹta ti lẹ̀ mọ́ ti oṣù kẹrin. Mo bá yanu: "Àǹtí, ẹ jẹ́ n gbé e sórí kọ̀ǹpútà fún yín. Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni." Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Angular ni mo fi ṣe ojú ìwé náà. Ó dán, ó wuyì. Ó wá ku kó béèrè orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ sáfà. Mo tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé funfun báláú. Lẹ́tà pupa ló jáde nínú kọ́ńsóòlù: "No provider for HttpClient!" Ìyẹn ni pé mo rán ìránṣẹ́ níṣẹ́, mi ò fi ìránṣẹ́ han àwọn ará ilé. Mo ṣí ìwé tí mo fi kọ́ṣẹ́, ó ní kí n lo HttpClientModule. Bí mo ṣe kọ ọ́ báyìí, ìlà gba àárín orúkọ náà kọjá, bí ìgbà tí tíṣà bá fagi lé iṣẹ́ olódo. Àṣé ìwé mi ti di ti ayé àtijọ́. Ní 2016, HttpModule ni wọ́n ń lò. Ní 2017, HttpClientModule dé. Ní 2022, provideHttpClient() yọjú, nígbà tó sì di 2024, wọ́n ní ká yé lo ti 2017 yẹn. Aṣọ ẹbí gan-an kì í yí tó bẹ́ẹ̀.

Mo kọ ti tuntun. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò pupa, kò dúdú. Sáfà ní ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn òun. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé o ti subscribe?" Ó ní ìránṣẹ́ yẹn kì í gbéra bí kò bá sí ẹni tó ń dúró de èsì. Ẹ gbọ́ kẹ̀! Ẹ rán ọmọ lọ́jà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní àfi kí ẹ kọ́kọ́ ṣèlérí pé ẹ máa gba ẹja lọ́wọ́ òun. Mo subscribe.

Ibẹ̀ logun ti wá bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé mi ń gbé ní localhost:4200, sáfà ń gbé ní localhost:3000. Inú kọ̀ǹpútà kan náà ni o! Orí itan mi ni àwọn méjèèjì wà. Nígbà tí wọ́n mú iná lọ, bátìrì kan náà ló gbé wọn ró. Buráúsà wò wọ́n tìkà-tẹ̀gbin, ó ní wọn ò bára tan: bí nọ́ńbà ojúlé bá ti yàtọ̀, àlejò ni. Same-origin policy ni wọ́n ń pe òfin ọ̀hún, CORS sì ni ìwé àṣẹ tí sáfà lè fi gba àlejò wọlé. Èyí tó dùn mí jù ni pé sáfà ti dáhùn! Mo rí i nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀: 200, kò síṣòro. Buráúsà ló gba èsì, tó fi sápò, tó ní òun ò ní fún mi, torí sáfà ò kọ Access-Control-Allow-Origin sẹ́yìn àpò ìwé. Mo fi curl béèrè ohun kan náà láì gba ọ̀dọ̀ buráúsà, kíá ló já a lé mi lọ́wọ́.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má bínú. Ó ní bí kò bá sí irú òfin yẹn, ojú ìwé gbájúẹ̀ tí mo bá ṣèèṣì ṣí lè fi orúkọ mi lọ ka owó mi ní báńkì. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ni gbájúẹ̀ lórí itan mi?

Nígbà tó tún kan kíkọ owó wọlé, buráúsà ní òun á kọ́kọ́ rán OPTIONS lọ béèrè bóyá òun lè wá. Àna mi gan-an kì í béèrè ìyọ̀ǹda tó yẹn. Mo bá wá alárinà. Mo kọ proxy.conf.json: ohunkóhun tó bá fi /api bẹ̀rẹ̀, kí 4200 fúnra rẹ̀ gbé e lọ sí 3000 lẹ́yìn ilé. Kò ṣiṣẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún kí n tó rántí pé mo ní láti pa 4200 kí n tún un tàn. Mo tún un tàn, orúkọ àwọn èèyàn wa tò wálẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà.

Àǹtí dé lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n fi ìka kan ṣoṣo tẹ owó tiwọn, 5,000 náírà. Ó wọlé! Mo fò sókè. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀.

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni mo fi sílẹ̀. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti subscribe nínú kóòdù, mo tún fi async sójú ìwé. Ẹni méjì ló ń dúró de èsì, ìránṣẹ́ ọ̀lẹ yìí bá jẹ́ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n tún un ṣe kíá."

Akápò ẹgbẹ́ gbé ọwọ́ lé èjìká mi pẹ̀lẹ́. "Tún kí ni ṣe? Má fọwọ́ kàn án, ọmọ mi. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ san ti oṣù tó ń bọ̀."