Délé Ọmọ Ìyá Alákàrà

Ẹ má dárúkọ mi sí i o. Èmi kì í ṣòfófó. Yàrá mi ló kọjú sí ẹnu kànga, kò sì sí ọ̀rọ̀ ilé yìí tí kì í gba ibẹ̀ kọjá.

Délé tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ló fẹ́ lọ gba MBA, oyè ìmọ̀ okòwò, lókè òkun. Ilé ìwé mẹ́ta ló dojú kọ: Stanford àti Harvard ní Amẹ́ríkà, INSEAD nílẹ̀ Faransé. Odindi oṣù mẹ́rin tó fi ń kàwé lóru ni jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ ká sùn. Jẹnẹrétọ̀ yẹn náà, ẹ má jẹ́ n débẹ̀. Bàbá Sikírù ará ilé wa ṣì ń wá epo rẹ̀ tó dàwátì.

Ó ṣe ìdánwò GMAT tí wọ́n fi ń wọ irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀, ó gba 645. Bí Bọ̀dá Kúnlé ti yàrá kẹrin ṣe gbọ́, ó pòṣé. Ó ní 700 lòun gbà ní 2016, pé Stanford kọjá agbára ọmọ yìí. Ni Ìyá Alákàrà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nídìí agbada. Àkàrà jóná láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo rà níbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu.

Èmi ni mo lọ bi Délé. Ó ní wọ́n ti yí ìdánwò yẹn padà ní ìparí 2023: 800 ni ti àtijọ́ ń parí sí, 805 ni ti ìsinsìnyí, ìwọ̀n wọn ò sì dọ́gba. Ẹni tó gba 645 báyìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó gba 700 láyé Bọ̀dá Kúnlé. Ọdún márùn-ún péré sì ni èsì rẹ̀ fi ń wúlò, ti Bọ̀dá ti kú tipẹ́. Ẹni tó gba 700, ṣé kì í ṣe kànga kan náà la jọ ń fà?

Àmọ́ Stanford le o. Nínú ọgọ́rùn-ún tó bá kọ̀wé sí wọn, wọn kì í mú tó mẹ́wàá. Wọ́n á tún ní kéèyàn kọ ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù lọ àti ìdí rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí Délé kọ? “Ìdàgbàsókè Áfíríkà.” Áfíríkà wo! Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń bá ìyá rẹ̀ fi èédú kọ orúkọ àwọn onígbèsè sára ògiri ilé ìdáná, tó ń fa ilà, tó ń pa á rẹ́ bí wọ́n bá ti san. Orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀ rí, mo ti san án. Ohun tó yẹ kó kọ nìyẹn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù gan-an ni ọ̀gá rẹ̀. Ilé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ èèyàn méjì. Ọ̀gá ní kó lọ kọ ọ́ fúnra rẹ̀, òun á kàn bu ọwọ́ lù ú, bẹ́ẹ̀ àwọn ilé ìwé yẹn ò gba irú ẹ̀. Òun àti Délé ti ní gbólóhùn asọ̀ láti oṣù Kejìlá tó kọjá, nítorí ìsinmi.

Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń mú wọn, màá mú un ní INSEAD, tí wọ́n ń fi oṣù mẹ́wàá ṣe. Stanford, ó dọwọ́ ògiri yẹn. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní ni Délé fẹ́ fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, ọ̀gá ò sì tíì kọ ìlà kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́.