Oríkì Wọ̀bìà, Aláṣẹ Èkejì Àpòlúkù

Kábíyèsí o! Wọ̀bìà, ọmọ Ọ̀fun-ń-dá-tòló, ọmọ Ìyánhànhàn tí í jí láàárín òru kí àkùkọ tó kọ. Ọba tí kò ta ọfà kan tí ó fi gba gbogbo ilé, tí kò mọ odi kan, tí ọ̀tá kò sì rí i lé kúrò lórí ìtẹ́. Ìwọ tí o ń fi òórùn àlùbọ́sà inú epo gbígbóná pe àgbàlagbà dìde lórí ẹní àdúrà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo júbà. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń ki Ọlọ́fà, mo ti gbọ́ tí wọ́n ń ki Oníkòyí ológun, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí akéwì kan gbé ohùn sókè ki ìwọ tí gbogbo wa ń sìn lójoojúmọ́, lẹ́ẹ̀mẹta ní gbangba, àti iye ìgbà tí Elédùà nìkan mọ̀ ní kọ̀rọ̀. Àìmoore gbáà ni. Gbèsè náà ni mo wá san lónìí.

Àwọn aláìmọ̀kan a máa pè ọ́ ní Ebi. Ẹ̀gàn ni wọ́n fi ń kàn ọ́, nítorí pé ẹrú lásán ni Ebi ní ààfin rẹ. Ebi a wọlé, a jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀kọ tútù, a sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn baba wa tí wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, wọ́n mọ̀ pé ebi ṣeé lé lọ. Ìwọ kì í gba ẹ̀kọ tútù. Ìwọ a máa dárúkọ ohun tí o fẹ́: dòdò tí ó pọ́n dé etí, àmàlà gbígbóná tí gbẹ̀gìrì àti ewédú jọ pàdé lórí rẹ̀, ìsàlẹ̀ ìkòkò ìrẹsì tí iná ti mú díẹ̀. Ẹni tí ó ti yó ni o sì fẹ́ràn láti bẹ̀ wò jù. Ó ti jẹ iyán tán, ó ti fọwọ́, ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó, ó ti nà sórí àga, nígbà náà ni o ó wá fẹnu sí i létí pé, "Ṣé kò ṣẹ́ ku ẹran kan nínú ìkòkò yẹn ni?"

Ọba kì í dá nìkan ṣàkóso ìlú. Ní 1994 ni Jeffrey Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rockefeller University ní New York rí leptin, ìránṣẹ́ tí ọ̀rá ara fúnra rẹ̀ ń rán sí ọpọlọ pé àká ti kún, kí wọ́n ṣíwọ́. Ní 1999 ni Kojima àti Kangawa ní Japan rí ghrelin, akéde rẹ tí í ti apá òkè àpòlúkù sáré jáde ní kété tí àsìkò oúnjẹ bá ń sún mọ́lé, tí í máa lu agogo kiri pé kí olúkúlùkù mú ọwọ́ wá. Ẹni bá sanra ni leptin, ìránṣẹ́ àkọ́kọ́, pọ̀ lára rẹ̀ jù, ó sì yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tètè yó ju gbogbo wa lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ, ọlọ́gbọ́n ọba, o ti di ọpọlọ létí sí i. Ìránṣẹ́ ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà, ọpọlọ ní òun kò gbọ́.

Ta ni yóò gbàgbé ohun tí o ṣe ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ sí òpin? Ọkùnrin 36 tí ẹ̀rí-ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn fún Ancel Keys, pé kí ó dín oúnjẹ wọn kù títí ebi yóò fi hàn wọ́n léèmọ̀, kí ayé lè mọ bí a ó ti tọ́jú àwọn tí ogun ti sọ di egungun lásán ní Yúróòpù. Fún bí oṣù mẹ́fà, nǹkan bí ìdajì ohun tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń rí. Àwọn ọmọlúàbí tí wọ́n wọlé pẹ̀lú ìjíròrò lórí àlàáfíà ayé, kò pẹ́ tí wọn kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ju ọbẹ̀ lọ. Wọ́n ń ka ìwé ìdáná bí ẹni ń ka Sáàmù, wọ́n ń bu omi lu oúnjẹ kí ó lè pẹ́ lẹ́nu, wọ́n ń lá àwo. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Lára àwọn wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ obìnrin pàápàá bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n sì dá oúnjẹ padà fún wọn, àwọn kan jẹ títí ikùn wọn fi kún dé gọ́ńgọ́, síbẹ̀ wọ́n búra pé àwọn kò tíì yó. Ẹni tí ó bá rò pé ààwẹ̀ nìkan ni òun yóò fi rí ẹ̀yìn rẹ, kí ó ka ìtàn àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn.

Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi yọ ọ̀bẹ sí ọ. Edward Mason ní Yunifásítì Iowa ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin tí wọ́n gé lára àpòlúkù wọn nítorí ọgbẹ́ inú kì í sanra mọ́, ni ó bá gba ibẹ̀ rí ọ̀nà. Ní 1966 òun àti Chikashi Ito ṣe àkọ́kọ́ irú iṣẹ́ abẹ tí a wá mọ̀ sí bypass. Bí wọ́n ti ń ṣe é lónìí, wọn a pín òkè àpòlúkù sọ́tọ̀ di àpò kan tí kò tóbi ju ẹyin adìẹ lọ, wọn a sì so ìfun mọ́ ọn, kí oúnjẹ lè yà fún ìyókù. Bẹ́líìtì náà wáyé, èyí tí wọ́n ń dì mọ́ àpòlúkù lọ́rùn, tí wọ́n lè fún, tí wọ́n sì lè dẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2001, àwọn èèyàn sáré sí i, wọ́n sì sáré kúrò nídìí rẹ̀, nítorí o ti kọ́ wọn pé áísìkiriìmù a máa yọ́ gba abẹ́ bẹ́líìtì kọjá. Èyí tí ó gbilẹ̀ jù lágbàáyé nísinsìnyí ni sleeve: wọn a gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù dànù, pẹ̀lú ilé tí akéde rẹ ń gbé, ìyókù a sì wà ní tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tí wọ́n gé kò ní padà mọ́ láéláé.

Mo ní àbúrò obìnrin kan ní London tí mo fẹ́ fi hàn ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àtọ̀gbẹ ń bá a jà, àyà a sì máa ta á lóru nígbà tí omi kíkan bá ń ru gòkè láti inú. Ìlànà ìlera nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé ẹni tí BMI rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ìsanra rẹ̀ sí gíga rẹ̀, bá dé 40, tàbí 35 bí àìsàn bá ń bá a rìn, ni wọ́n lè darí sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Wọ́n sì yọ 2.5 kúrò nínú rẹ̀ fún àwa tí a ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà àti fún àwọn ẹ̀yà mìíràn kan, nítorí pé àìsàn ìsanra a máa tètè mú wa. Nígbà tí ó pè mí lórí fóònù, ọ̀bẹ ni mo rò pé ó ń bà á lẹ́rù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ o. Wọ́n ní sleeve yá ju bypass lọ, ṣùgbọ́n àyà títa yìí lè wá le sí i. Bí mo bá ṣe bypass, àyà á rọ̀, àtọ̀gbẹ náà sì lè rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n màá máa lo fítámì àti irin títí ọjọ́ ayé mi, bí mo bá sì ṣèèṣì jẹ ohun dídùn, òógùn á bò mí, inú á máa lọ́ mi."

Mo ní kí ó gba èyí tí yóò jẹ́ kí àyà rẹ̀ sinmi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Wọ́n ní n óò máa rún òkèlè lẹ́nu kí n tó gbé e mì."

Kábíyèsí, mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í rún iyán: a ó bù ú, a ó yí i, a ó fi gbá ọbẹ̀, ọ̀fun á gbà á, ó parí, ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Adìẹ tí ń gbé òkúta mì, tí ó ní òun kò léyín, òun ni a fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ṣùgbọ́n àpò tí kò ju ẹyin lọ kò mọ àṣà ìbílẹ̀. Òkèlè tí a kò rún a dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ gbọin-gbọin, àyà a há, oúnjẹ a sì gba ọ̀nà tí ó gbà wọlé jáde. Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù nìyẹn: pé òun yóò jókòó ti àwo iyán bí àlejò, ní ilé ìyá òun.

Ó yan bypass. Omi ọbẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń mu, lẹ́yìn náà ohun lílọ̀, lẹ́yìn náà ṣíbí mẹ́ta, mẹ́rin, kò sì gbọ́dọ̀ fi omi ti oúnjẹ. N kò ní purọ́ níwájú ọba: ọ̀bẹ náà pa ọ́ lára. Ní 2002 àwọn olùwádìí ní Seattle fi hàn pé ẹni tí ó bá fi dídín oúnjẹ kù nìkan rù, ńṣe ni ghrelin rẹ̀ ń pọ̀ sí i, akéde rẹ á wá fi ìbínú lu agogo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lára àwọn tí ó ṣe bypass, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ gan-an. Àtọ̀gbẹ àbúrò mi rọlẹ̀. Àyà kò ta á mọ́. Síbẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Inú mi ti yó, Ẹ̀gbọ́n. Ojú mi ni kò yó." Nígbà náà ni mo mọ̀ pé o ti kó ẹrù rẹ kúrò ní ìsàlẹ̀, o sì ti gba yàrá lókè.

Mo sì rí olórí ìjòyè rẹ níbi ìgbéyàwó kan. Àǹtí wa kan ni, tí gèlè rẹ̀ ga, ẹni tí ó ti máa ń pe àbúrò mi sí kọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti tóbi jù, pa ẹnu rẹ dé díẹ̀," tí ó sì máa ń fi ọwọ́ kan náà gbé àwo kẹta fún un, nítorí àìjẹun lóde ìnáwó, àfojúdi ni. Lọ́jọ́ náà, ó gbá a lọ́wọ́ mú: "Kí ló dé tí o rù báyìí? Ṣé kò sí nǹkan? Jẹun, jàre!" Ó fi kéèkì sí i lẹ́nu. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ kì í mì nínú àgbà. Kéèkì náà mì nínú àbúrò mi títí ó fi lọ jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Wo bí ìjòyè rẹ ti gbọ́n tó, Kábíyèsí! Bí ó bá ní ìtìjú lásán ni ẹni tí ó sanra nílò, ẹni náà kò ní lọ sọ́dọ̀ dókítà; bí ẹni náà bá sì lọ, tí ó bọ̀, yóò dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo. Èmi kò rí ọmọ ogun kan tí ó ṣe fún ọ tó bẹ́ẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tuntun náà ti dé, semaglutide, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2021 fún dídín ìsanra kù. Àwọn tí ń gbà á ní ariwo oúnjẹ tí ń dún nínú orí wọn láti àárọ̀ dalẹ́ ti dákẹ́. Mo bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá a dúró, ìwádìí ti fi hàn pé láàárín ọdún kan ni ọ̀pọ̀ jù nínú ohun tí ó lọ ń padà bọ̀. Ìwọ ọba onísùúrù, o mọ bí a ti ń lọ sí ìrìn àjò, tí a sì ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sábẹ́ ẹní.

Ó tó gẹ́ẹ́, Atẹ́-àwo-rẹrẹ. Mo ti kì ọ́ débi tí ohùn mi mọ. Ẹni bá ki ọba kì í lọ lọ́wọ́ òfo, n kò sì bèèrè aṣọ, n kò bèèrè ẹṣin; owó ni mo fẹ́, owó tútù. Má ṣe fi mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje san án fún mi, nítorí n kò ní lè kọ̀ ọ́.