Fáìlì Wà Nílé, Wọ́n Ní Kò Sí

Ẹ gbé iṣẹ́ Visual Basic 6, ọmọ ọdún 1998, sórí Windows òde òní, kí ẹ tẹ F5. Ó ṣeé ṣe kí Error 429 kí yín káàbọ̀: òun kò lè ṣẹ̀dá nǹkan tí ẹ bèèrè. Nǹkan wo? Kò sọ. Ẹ ó ní kí regsvr32, irinṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ Windows, forúkọ OCX, fáìlì ẹ̀yà tí iṣẹ́ náà ń lò, sílẹ̀. Ó ní òun kò rí i, bẹ́ẹ̀ fáìlì ọ̀hún jókòó gbagidi síwájú yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, DLL, ìyẹn fáìlì kóòdù mìíràn tí OCX náà gbára lé, ni kò sí nílé, àmọ́ regsvr32 kì í dárúkọ ẹni tó sá lọ.

Ti àdírẹ́sì tí àwọn DLL ń gbé ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Lórí Windows 64-bit, inú System32 ni àwọn DLL 64-bit ń gbé; inú SysWOW64 ni ti 32-bit wà. Ẹ tún un kà, n ò ṣì í kọ. Nítorí kóòdù àtijọ́ tó ti há orúkọ System32 sórí ni àwọn tó ṣe Windows kò ṣe yí orúkọ náà padà. Àánú ni wọ́n fi ṣe é. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n bínú sí wa.