Ìyàwó Sakété Kò Tíì Lọ

Ẹ gbé àpótí yẹn súnmọ́ ògiri, ẹ̀fin àkàrà yìí ń wá ojú yín. Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ ọ́ o. Kí ẹnikẹ́ni má dé ìdí agbada mi lọ́la kó ní èmi ni mo tú àṣírí ilé. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo agboolé gbọ́ lábọ̀, tí èmi gbọ́ ní kíkún, tí mo wá fún wọn ní èyí tó kù, ṣé òfófó nìyẹn? Àánú ni.

Ìyàwó Sakété ni mo ń wí. Sakété la ti gbé e wá sí Pobè níbí, la bá ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀, ọkọ èmi náà ni, torí ó ti ń rá kòrò nínú ilé yìí kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Adúmáadán ni mo sọ ọ́. Ní 2008 ni Adúmáadán jẹ lọ́tírì físà Amẹ́ríkà. Gbogbo ilé ló ta tẹ́tẹ́ náà. Baálé ta á, Ìyá Alákàsà ta á, èmi náà lọ ya fọ́tò, mo wé gèlè kan tó ga débi pé ayafọ́tò ní àfi kí n tú u, orí mi kò gba inú fọ́tò. Ọ̀fẹ́ ni lọ́tírì yẹn nígbà náà o, òyìnbó kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin oníkọ̀ǹpútà kan gba 2,000 sẹ́fà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Adúmáadán nìkan ló jẹ. Owó tèmi ṣì wà lọ́rùn ọmọ yẹn.

Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀hẹ́n. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí èèyàn bá ti gba káàdì tó fi ń gbé Amẹ́ríkà ló tó lè tọrọ pé kí wọ́n sọ òun di ọmọ onílẹ̀. Adúmáadán tọrọ, wọ́n sì fún un. Òun ló jẹ́ kó lè gbé ìyàwó láìtò sórí ìlà gígùn tí ìyàwó oníkáàdì máa ń tò sí. Ní 2016 ó wálé, ó bá wọn dé Sakété lóru ọjọ́ Ẹ̀fẹ̀. Ẹ mọ Ẹ̀fẹ̀ dáadáa. Ṣáájú kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lọ́sàn-án ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde lóru, tó ń fi orin tú gbogbo ohun tí ará ìlú ṣe lọ́dún náà síta. Ẹ wò ó, ọkùnrin fi agọ̀ bojú, ó sọ ọ̀rọ̀ onílé àti àlejò lójú agbo, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi tí mo sọ ọ́ níwọ̀nba nídìí àkàrà, èmi ni wọ́n ń pè ní ẹlẹ́nu. Ibi tí Ẹ̀fẹ̀ ti ń bú aláṣejù kan lóru ọjọ́ náà ni Adúmáadán ti gbọ́ ẹ̀rín ọmọbìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀, ó bá yíjú padà.

Ìyọnu tí a rí kí wọ́n tó fún wa níyàwó náà kò kéré. Pobè àti Sakété, bí orogún la rí. Ní 2016 yẹn kan náà ni ìjọba fi Pobè ṣe olú ẹ̀ka Plateau, ni àwọn ẹbí ìyàwó bá ń sọ níbi ìdána pé, "Ẹ ti gba olú ìlú, ẹ tún fẹ́ gba ọmọ." A dọ̀bálẹ̀, a san gbogbo ohun tí wọ́n bù fún wa. Wọ́n so yìgì. Ṣùgbọ́n òfin ìdílé ilẹ̀ Benin, tó ti wà láti 2004, kò mọ ìdána, kò mọ yìgì. Ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní lámẹ̀rí, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, nìkan ló mọ̀. Àwa náà gba lámẹ̀rí lọ ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, 2017. Nígbà tí ọ̀gá lámẹ̀rí kà á jáde pé ìyàwó kan péré ni òfin gbà, Baálé wa tó ní mẹ́ta wúkọ́ títí wọ́n fi fún un lómi.

Ẹ fi ọjọ́ 16 yẹn sọ́kàn o. Tí mo bá gbàgbé, ẹ rán mi létí.

Adúmáadán padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń wa ọkọ̀ ẹrù ní Ohio, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó. Ó san 535 dọ́là pé kí wọ́n gbà pé ìyàwó òun ni. Ó tó bí ọdún kan kí wọ́n tó gbà. Ó san 325 lórí físà, ó tún san 120 kí wọ́n fi yẹ ìwé owó oṣù rẹ̀ wò, torí nígbà náà ẹni tó bá fẹ́ mú ìyàwó wọlé gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó tó ń wọlé fún òun lọ́dún ju 21,000 dọ́là lọ. Ìyàwó náà ń kó ìwé tirẹ̀ jọ níbí: ìwé ìbí, ìwé lámẹ̀rí, ìwé ilé ẹjọ́ pé kò jalè rí. Ọ̀gbẹ́ni kan yọ sí wa láti Àjàṣẹ́, ó ní òun á bá wa sọ gbogbo rẹ̀ di Gẹ̀ẹ́sì, kí a mú 60,000 sẹ́fà wá. Ọpẹ́lọpẹ́ Adúmáadán lórí WhatsApp: ó ní Lomé ni wọ́n ti máa pe ìyàwó, Faransé ni wọ́n ń sọ ní Tógò, ìwé Faransé sì tó fún wọn níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà mu omi tútù, ó jẹ àkàrà mi mẹ́fà, ó lọ láìsanwó.

Ó yà yín lẹ́nu pé Lomé, àbí? Ó ya èmi náà. Amẹ́ríkà ní ẹ́ḿbásì ní Kútọnu, ilé ńlá. Ṣùgbọ́n físà ẹni tó ń lọ gbé ibẹ̀ títí, wọn kì í ṣe é ní Kútọnu, Lomé ni wọ́n ń rán ọmọ Benin lọ. Ọmọ Sakété, aya Pobè, ọkọ ní Ohio, ìdájọ́ ní Tógò.

Lẹ́tà dé pé kó wá ní oṣù Kẹwàá, 2019. Ibí ni iṣẹ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi dòní. Ìbéèrè ni òyìnbó máa ń fi mọ̀ bóyá ìgbéyàwó jẹ́ òótọ́. Mo ní kó jókòó síbi tẹ́ ẹ jókòó sí yìí. Mo ní, "Níbo lo ti mọ ọkọ rẹ? Ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe, agogo mélòó ló ń jí? Kí ló dé tí kò fẹ́ ìyàwó kí ó tó kúrò nílé? Ta ló bí i, ọmọ mélòó nìyẹn bí?" Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Ìyá, ìbéèrè tẹ́ ẹ ti ń bi mí láti ọjọ́ tí mo wọ ilé yìí náà kọ́ nìwọ̀nyí?" Mo ní òun náà ni. Ó wá yé e pé ọdún méjì ni mo fi kọ́ ọ níṣẹ́, ó rò pé mo ń tojú bọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìpè ni wọ́n lọ, torí dókítà tí ẹ́ḿbásì fọwọ́ sí ní Lomé ló gbọ́dọ̀ yẹ ara rẹ̀ wò, kì í ṣe dókítà tó bá wù ẹ́. Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀ nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Owó ọkọ̀ gbé wa lẹ́mìí lọ́dún náà! Nàìjíríà ti ti ẹnubodè láti oṣù Kẹjọ, kpayo, epo ọkọ̀ tí à ń rà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, di góòlù, àwọn ọlọ́kọ̀ sì ń sọ iye tó bá wá sí wọn lẹ́nu. Láti Pobè dé Àjàṣẹ́, Àjàṣẹ́ sí Kútọnu, kí wọ́n tó wá gba etí òkun kọjá Grand-Popo wọ Tógò. Èmi ò bá wọn lọ. Wọ́n ní ọkọ̀ ti kún. Ìyá Alákàsà ráyè wọ̀ ọ́, mi ò mọ bó ṣe jẹ́.

Nítorí náà, ohun tí ìyàwó fẹnu ara rẹ̀ sọ ni mo ń sọ fún yín. Ó ní òyìnbó obìnrin kan ló wà nínú fèrèsé, ó ní kí òun na ọwọ́ ọ̀tún sókè kí òun búra. Ó béèrè ibi tí wọ́n ti pàdé. Ìyàwó ní níbi Ẹ̀fẹ̀. Òyìnbó ní kí ni Ẹ̀fẹ̀. Ìyàwó ní ọkùnrin tó ń bojú sọ ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú síta lóru ni. Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan. Ó wá ń ṣí fọ́tò ìgbéyàwó wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúró. Ó ní, "Obìnrin tó wà láàárín ìwọ àti ọkọ rẹ nínú gbogbo fọ́tò yìí, ta ni?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ayafọ́tò náà kò mọ ibi tó yẹ kó dúró ni.

Ìyàwó ní, "Ìyálé wa tó ń din àkàrà ni." Òyìnbó ní, "Ṣé òun náà ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà?" Ìyàwó ní rárá o, kíákíá. Bó ṣe yára sọ ọ́ yẹn ló dùn mí.

Wọn ò fún un ní físà lọ́jọ́ náà. Akọ̀wé kan tó ti fẹ̀yìn tì kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú "Ch" sínú ìwé ìbí, pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sì gbé "S". Ìwé pélébé kan ni wọ́n fún un pé kó lọ tún un ṣe kó padà wá. Lẹ́tà kan ṣoṣo! Ó di ilé ẹjọ́, ó di "ẹ padà wá lọ́la," oṣù Kọkànlá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí pásípọ́ọ̀tù tó dé pẹ̀lú físà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àpò ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ pa, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí títí yóò fi dé ọwọ́ aṣọ́bodè Amẹ́ríkà. Mi ò ṣí i. Mo kàn gbé e sókè sí iná ni. Ó nípọn.

A yọ̀, a jẹ, a mu. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìyàwó ń gbálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń fọ ìkòkò. Mo bi í pé ìgbà wo ni ọkọ̀ òfurufú, ó ní, "Ó kù díẹ̀, Ìyá." Ta ló ń rí físà Amẹ́ríkà tó ń fọ ìkòkò? Mo rò ó, mo tún un rò, mo wá sọ fún Ìyá Alákàsà, ẹnì kan ṣoṣo péré, pé bóyá ni físà yẹn kò ní àbùkù, pé bóyá ọkọ ti rí ẹlòmíràn ní Ohio. "Bóyá" ni mo sọ o! Ìyá Alákàsà já "bóyá" yẹn sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Alẹ́ ọjọ́ náà, onízémìjàn kan ti fi alùpùpù gbé e dé Sakété. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ìyàwó dé pẹ̀lú ìyáàfin mẹ́rin, ẹkún lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní a ti fi ọmọ àwọn ṣòfò.

Baálé pe gbogbo wa jọ, wọ́n pe Adúmáadán lórí fóònù, wọ́n gbé ohùn rẹ̀ síta. Ọmọ náà kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin ni?" Mo dákẹ́. Ó wá ṣàlàyé. Ó ní tí ìyàwó bá wọ Amẹ́ríkà kí ìgbéyàwó wọn tó pé ọdún méjì, káàdì ọdún méjì ni wọ́n máa fún un, tí káàdì náà bá sì ń tán lọ, wọ́n á tún kó ẹ̀rí jọ, wọ́n á tún san 680 dọ́là, bíi 400,000 sẹ́fà, kí wọ́n fi hàn lẹ́ẹ̀kan sí i pé lọ́kọ-láya ni àwọn. Ṣùgbọ́n tó bá wọlé lẹ́yìn tí ọdún méjì ti pé, káàdì ọdún mẹ́wàá ni, ó tán. Ọjọ́ tó wọ ibodè ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí físà jáde. Físà ṣì ní oṣù mélòó kan nílẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ 16 ló pé ọdún méjì. Ọjọ́ 18 ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì sí. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, torí mo mọ ilé wa."

Ṣé ẹ rí i? Lẹ́tà kan tí akọ̀wé yẹn ṣì kọ, tí gbogbo wa fi ṣépè fún un, òun ló fà á dé ibi tí ìṣirò yìí fi bọ́ sí i. Tí wọ́n bá fún un ní físà ní oṣù Kẹwàá, ẹsẹ̀ ta ló máa gbé e dúró níbí fún oṣù méjì? Tí wọ́n bá sì pẹ́ kọjá ibẹ̀, ní oṣù Kẹta, 2020, kòrónà dé, gbogbo ẹ́ḿbásì wọn ti fèrèsé pa.

Baálé ní kí n din àkàrà fún gbogbo agboolé fún àárọ̀ mẹ́ta, láìgbowó. Ìyá Alákàsà tó gbé ọ̀rọ̀ kúrò nílé, wọn ò bù ú ní nǹkan kan. Ó jẹ mẹ́jọ lójoojúmọ́.

Ọjọ́ 18 a sìn ín dé Kútọnu. Èmi gan-an wọ ọkọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, agogo mẹ́ta òru ni mo ti jókòó sínú rẹ̀. Ó di mọ́ mi, ó sunkún, mo fún un ní àkàrà tó gbẹ dáadáa. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà káàdì dé bá a nílé, ó pè mí kó tó pe ìyá tó bí i. Mo ní kó ya fọ́tò rẹ̀ sí mi kí n rí ọdún mẹ́wàá ọ̀hún. Ó ní òun á fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má dé Sakété kí ilẹ̀ tó ṣú o.

Kò dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Táyà zémìjàn jò lọ́nà, àárọ̀ ọjọ́ kejì ló tó dé.