Orúkọ Gígùn Kì í San Gbèsè

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí orúkọ ti ń jẹ ẹni tó ń jẹ́ ẹ, ẹ lọ sáàrin àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ kan kì í tó wọn í jẹ́. Boris Johnson tí gbogbo ayé mọ̀, Alexander Boris de Pfeffel Johnson ló wà nínú ìwé. Nígbà tí Jacob Rees-Mogg, aṣòfin ìgbà náà, bí ọmọ rẹ̀ kẹfà ní 2017, ó sọ ọ́ ní Sixtus Dominic Boniface Christopher. Ẹ̀rín sọ láàrin ìlú. Èmi ò bá wọn rín in. Ẹni tó ní Táyé, Kẹ́hìndé, Ìdòwú àti Àlàbá nílé kò gbọdọ̀ fi ẹni tó ń fi orúkọ ka ọmọ ṣẹ̀sín.

Kíkọ nìyẹn; ẹ ò tí ì gbọ́ pípè. Ẹni tó ń jẹ́ Cholmondeley, "Ṣọ́mílì" ni wọ́n ń pè é. Featherstonehaugh ní lẹ́tà 17, síbẹ̀ "Fánṣọ̀" ni àwọn kan ń pè é. Ibi tí lẹ́tà yòókù gbà lọ, ẹ má bi mí. Ẹ má rò pé àṣìṣe ni. Wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni. Ẹni tó bá pè é bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ti tú ara rẹ̀ fó. Wọn yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, wọn yóò bu tíì fún un, wọn ò sì ní pè é wá mọ́.

Ohun tó ń dán nínú àwọn orúkọ yìí, ilẹ̀ ni. Láyé àtijọ́, ọlọ́lá tí kò bímọ ọkùnrin a kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ jogún òun gbọ́dọ̀ gba orúkọ òun. Edward Austen, ẹ̀gbọ́n Jane Austen òǹkọ̀wé, rí ogún lọ́dọ̀ àwọn Knight, ìbátan wọn tó lówó. Ní 1812, Austen di Knight. N kò tí ì gbọ́ pé ó sunkún. Ẹni tí kò bá fẹ́ ju tirẹ̀ nù a fa ilà kékeré kan sáàrin orúkọ méjèèjì. Bí ẹ bá rí ilà yẹn, ẹ má sáré sọ pé ìfẹ́ ló so wọ́n pọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyàwó kan ló gbé oko wọlé.

Ìdílé Drax mọ eré yìí dáadáa. Oko ìrèké tí wọ́n ní ní Barbados ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń ro ó. Kò sí ilà kankan tó so orúkọ tiwọn mọ́ ọn. Nígbà tí ogún ìyá rẹ̀ láti inú ìdílé yìí kàn án ní 1916, Reginald Plunkett, ọmọ ogun ojú omi, gba àṣẹ ọba, ó di Plunkett-Ernle-Erle-Drax. Ó di ọ̀gágun, ìjọba sì rán an sí Moscow ní oṣù kẹjọ 1939 pé kó lọ bá àwọn ará Rọ́ṣíà mulẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Hitler. Ọkọ̀ ojú omi tí kò yára ni wọ́n fi gbé e lọ. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ní kó mú ìwé àṣẹ jáde. Orúkọ mẹ́rin wà lára rẹ̀, ìwé kò sí lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù yẹn, Ribbentrop, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Hitler, fò dé láti Jámánì, ó sì gba ìbuwọ́lù àwọn ará Rọ́ṣíà. "Von" tó wà níwájú orúkọ Ribbentrop gan-an, ní 1925 ló ní kí ìbátan kan gba òun ṣọmọ kí òun tó rí i lò.

Ẹ tún gbọ́ ti Dúúkù Buckingham àti Chandos kejì: Temple-Nugent-Brydges-Chandos-Grenville. Orúkọ márùn-ún, gbèsè tó ju £1,000,000 lọ. Ní 1848 wọ́n kó ẹrù ààfin rẹ̀ ní Stowe sí gbàǹjo. 40 ọjọ́ ni wọ́n fi tà á. Àwo lọ, ère lọ, àwòrán lọ. Orúkọ nìkan ni ẹnikẹ́ni ò ná.

Àrùn yìí dé Èkó rí. Láyé àwọn Sàró, àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé, ọ̀pọ̀ ẹni tó kàwé ló ń jẹ́ orúkọ tó jọ ti gómìnà. Ní 1894, òjíṣẹ́ Ọlọ́run David Brown Vincent bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀wù tó há, ó di Mojọlá Agbébí, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì dúró. Síbẹ̀, lónìí, a ṣì ń rí òbí tí yóò sọ ọmọ ní Peregrine níbi tí wọ́n ti ń pín jọ́lọ́ọ̀fù, tí ìyá àgbà yóò máa bèèrè pé irú ọbẹ̀ wo nìyẹn. Bó bá jẹ́ gígùn lẹ ń wá, oríkì ilé yín gùn ju orúkọ Dúúkù lọ, ọ̀fẹ́ sì ni.

Òbí tó bá ṣì fẹ́ orúkọ ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ rẹ̀, kó kọ́kọ́ bèèrè oko tó bá a wá. Bí kò bá sí oko, ariwo lásán ni.