Kí Ni Wọ́n Tún Ń Pe Olè Báyìí?

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ìjẹ̀bú-Òde ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mo ń sọ lè jẹ́ ọmọ àbúrò ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ mi kẹ́ ẹ gbọ́. Bí ọdún Ojúde Ọba bá ti parí, tí wọ́n ti kó ẹṣin padà sílé, tí gèlè ti tú, ọ̀rọ̀ tó máa ń kù nílẹ̀ ní ọjà Òkè Ajé kì í ṣe ti ẹṣin mọ́. Ta ló náwó? Níbo ló ti rí i?

Ọmọkùnrin kan wà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Jíìpù méjì ló gbé dé. Ó ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ra ti àwọn ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n bi ìyá tó fẹ́ fi ọmọ fún un pé iṣẹ́ wo ni àna rẹ̀ ń ṣe. Pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu ló fi dáhùn pé, “Ó ń ṣe nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni.”

Nǹkan! Háà. Gbogbo ẹni tó jókòó níbẹ̀ ló mọ nǹkan náà, gbogbo wọn ló sì mi orí bí ẹni pé dókítà ni wọ́n dárúkọ.

Ẹ wo ibi tí a ti ń bọ̀. Nígbà kan, ẹni tó bá fi ẹ̀tàn gba owó olówó, gbájú-ẹ̀ ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ń bá a dé ojúde baba rẹ̀. Nígbà tó yá ló di fọ́-wàn-náìn, nítorí abala 419 inú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn. Ìyẹn náà ṣì sàn díẹ̀: nọ́ńbà òfin ni, ó ń rán èèyàn létí pé adájọ́ ń bẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá di Yahoo, orúkọ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ wá wò ó, Yahoo náà ti wá le jù létí àwọn ìyá. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ pè é bẹ́ẹ̀ níwájú wọn, wọn á ní ẹ ń ṣe ìlara ọmọ àwọn. Ọmọ náà “ń sapá” ni. Ó “ń họ́sù” ni. Opó arúgbó tó wà ní ìlú òyìnbó, tó rò pé Ọlọ́run ti fún òun ní ọkọ, tó sì ń fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ránṣẹ́ lóṣooṣù, òun náà kì í ṣe ẹni tí wọ́n jà lólè mọ́. “Kíláyẹ́ńtì” ni wọ́n ń pè é.

Mo lè fara da gbogbo ìyẹn bí kò bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, ní Abẹ́òkúta tí kò jìnnà sí wa, ọwọ́ tẹ àwọn ọmọkùnrin kan tí wọ́n pa ọ̀dọ́mọbìnrin, tí wọ́n sì ń sun orí rẹ̀ nínú ìkòkò láti fi ṣe oògùn owó. Ọ̀rọ̀ náà kó ìdààmú bá orílẹ̀-èdè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aṣòfin l’Ábújá fi gbé e sórí tábìlì wọn ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹ mọ ohun tí ìgboro ń pe irú ìwà bẹ́ẹ̀? Yahoo Plus. Plus o! Bí ẹni pé wọ́n fi ẹran kan kún oúnjẹ.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé Ìjẹ̀bú ló yẹ kó kọ́kọ́ bínú sí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹni tó bá ti dàgbà á rántí. Ní ayé òyìnbó amúnisìn, nígbà tí ṣílè dé, àwọn kan nílẹ̀ wa mọ ṣílè ayédèrú rọ débi pé jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, “Ìjẹ̀bú” ni wọ́n ń pe owó tí kò dáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tóyìn Fálọlá ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, kì í ṣe àhesọ. Àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ jẹ́jẹ́, ìyá tó ń yan gàrí, gbogbo wọn ló ru orúkọ ìwà àwọn díẹ̀. Àwọn baba wa bínú, ó sì tọ́ kí wọ́n bínú. Àwa ọmọ wọn ńkọ́? A ti gbọn orúkọ kúrò lára olè, a wá wọ̀ ọ́ ní aṣọ ẹgbẹ́jọdá.

Kì í sì í ṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Àlè ti tán nílùú. “Ìyá ọmọ mi” ló kù. Ọkùnrin á ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún, á ní kí obìnrin náà dìde kí àwọn èèyàn rí i, ìyàwó ilé á jókòó sí tábìlì iwájú, á máa pàtẹ́wọ́. Mi ò lè sọ̀rọ̀ jù lórí ìyẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ mọ ara yín.

Ìbò títà náà ti gba orúkọ tuntun: “dìbò kí o sebẹ̀.” Èkìtì ni ọ̀rọ̀ yẹn ti kọ́kọ́ gbóná, nígbà ìbò gómìnà ọdún 2018, kò sì pẹ́ kó tó di tiwa náà. Ọbẹ̀! Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n tà, orúkọ tí wọ́n fún un jọ ti ìyá tó ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Rìbá ńkọ́? “Bàbá, àwọn ọmọ yín rèé.” Ọlọ́pàá tó ní irùngbọ̀n funfun, ó ń pe ọmọ ọdún ọgbọ̀n ní bàbá nítorí owó omi.

Èyí tó wá ń ba èèyàn lẹ́rù ni ti ilé ẹ̀kọ́. Lọ́dún 1984, òfin ológun ní kí ẹni tó bá jí ìdánwò wò lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún mọ́kànlélógún. Òfin náà le jù, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí a dé. Ibi tí òbí ti ń sanwó kí wọ́n lè bá ọmọ rẹ̀ kọ ìdáhùn WAEC, “mírákù sẹ́ńtà” ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ìyanu! Wọ́n pa Ọlọ́run pọ̀ mọ́ olè ìdánwò, ìyá náà á sì dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, á jẹ́rìí pé ọmọ òun gba A méje. Mo mọ ìyá kan tó sunkún nídìí ẹ̀rí yẹn. Ṣé ẹ rí i?

Ọmọ tó bá wá la ẹnu sọ Ìjẹ̀bú nínú kíláàsì kan náà, òun ni wọ́n á mú. Owó ìtanràn ń bẹ fún un, ìkúnlẹ̀ ń bẹ, ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan wọ́n á so páálí mọ́ ọn lọ́rùn kí gbogbo ayé lè mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i lọ́dún 2022 pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Aláúsá, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan nílẹ̀ Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá sì tún dáa ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Olè ìdánwò di iṣẹ́ ìyanu, èdè ìyá ọmọ di ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn kan á ní, ṣé ẹ ò rí i, òyìnbó ló kó gbogbo ọ̀rọ̀ rírọ̀ yìí wá. Irọ́ ni. Lóòótọ́, ọmọ ọmọ ìyá àgbà kan ti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù dé, ìyá wò ó, ó ní, “O mà ti sanra o!” Ọmọ bú sẹ́kún pé ìyá ń fi ara òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ti ìyá ni mo ṣe níbẹ̀. Àdúrà ló gbà fún ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé Yorùbá ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀rọ̀. Kí àrùn ṣànpọ̀nná tó parẹ́ láyé, tí àjọ ìlera àgbáyé sì kéde rẹ̀ lọ́dún 1980, ta ló jẹ́ dárúkọ rẹ̀ gbangba? Olóde ni, ilẹ̀ gbígbóná ni. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ejò ò jẹ́ ejò mọ́, okùn ni. Nígbà tí Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà papò dà ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje ọdún 2025, lẹ́yìn ọdún márùndínláàádọ́rin lórí oyè, mélòó nínú àwọn àgbà ìlú ló là á mọ́lẹ̀ pé ọba kú? Wọ́n ní ọba wàjà. Ìbẹ̀rù, ọ̀wọ̀ àti àánú ló ń mú kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Wọn ò fi bo olè.

Àánú yẹn gan-an la wá kọ̀ fún àwọn tó tọ́ sí. Ẹ lọ sí ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ní gbọ̀ngàn èyíkéyìí. Alága ìdúró kan mú gbohùngbohùn, ó rí ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó tó ń tiro, ó ní kó wá jó kí àwọn rí bí arọ ṣe ń jó. Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Àwọn tó sọ fún wa pé ọmọ Yahoo “ń sapá” ló rẹ́rìn-ín jù. Nígbà tí ẹnì kan ní “akàndá ẹ̀dá” ni wọ́n ń sọ báyìí, wọ́n ní ó ń ṣe àṣejù, ó ń kó àṣà rédíò wọ ilé. Ṣé ẹ rí èèyàn! Àṣà rédíò kò pọ̀ jù fún olè.

Obìnrin tí kò tíì bímọ, àgàn ni lẹ́nu wọn, níbi ìkómọ pàápàá, nígbà tó ń bá wọn gbé àwo oúnjẹ kiri. Èyí tí ọkọ ń lù, tó sá padà sílé baba rẹ̀, ilémosú ni. Ọkọ tó lù ú? “Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀ ni.” Ẹni tí ọpọlọ ń dùn, wèrè ni, wọ́n á sì fi Àró ṣe ẹ̀fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ Abẹ́òkúta, Thomas Adéoyè Lámbò, ló fi hàn gbogbo ayé ní Àró yẹn láti ọdún 1954 pé aláìsàn ọpọlọ lè gbé láàárín abúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, kí ara rẹ̀ sì yá.

Ọmọ tí kò tètè mọ ìwé, olódo ni, tíṣà á pè é bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì. Ẹgba tí wọ́n wá fi ń nà án ńkọ́? Ìyẹn ló ní orúkọ dáadáa: ìbáwí. Lọ́dún 2024, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan kú lẹ́yìn tí wọ́n nà án ní ẹgba nílé ẹ̀kọ́. Mo gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ pé ìbáwí ló pọ̀ jù díẹ̀. Díẹ̀!

Òfin wà o. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí òfin tó ní kí wọ́n má ṣe yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ akàndá ẹ̀dá. Ẹnì kan tó bá rú u, ₦100,000 ni owó ìtanràn rẹ̀, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ilé iṣẹ́ tó bá rú u á san mílíọ̀nù kan náírà. Wọ́n fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún márùn-ún kí wọ́n ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Ẹ bá mi ka iye gbọ̀ngàn àríyá nílùú yìí tí kẹ̀kẹ́ lè gun iwájú rẹ̀. Àtẹ̀gùn òkúta mábù ló kún gbogbo rẹ̀.

Ilẹ̀ yìí kọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ líle tẹ́lẹ̀. Tai Ṣólàárín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ (Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn; mo mọ̀ pé Rẹ́mọ lásán làwọn ọmọ ibẹ̀ ń fẹ́ báyìí, kí wọ́n má bínú), tó ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Mólúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó kó tó dá Mayflower sílẹ̀ ní 1956, gbàdúrà ọdún tuntun fún gbogbo Nàìjíríà nínú ìwé ìròyìn lọ́dún 1964. Ó ní kí ọ̀nà wọn ṣe págunpàgun! Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bú u pa. Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ, kó tó di gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1979, “Ayékòótọ́” ló ń fi kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn. Àwọn ọkùnrin méjèèjì yẹn mọ ẹni tí wọ́n ń ju ọ̀rọ̀ líle lù. Àwọn aláṣẹ ni, àwọn olówó ni. Wọn ò sọ ọ́ lu ẹni tó ń tiro.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ regbẹ́regbẹ́, Iléyá àti Ojúde Ọba mìíràn ń bọ̀. Kí ẹ tó gba owó aṣọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ bi í níṣẹ́, kí ẹ sì má gba “nǹkan” ní ìdáhùn. Ẹ̀yin alága ìdúró àti ìjókòó, ẹni tó bá ń fi igi rìn wọ gbọ̀ngàn ní orúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́. Òun ni kẹ́ ẹ pè é.